Ẹsẹ̀ Tí Kò Bẹ̀rù Òjò

Ní ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, kò sẹ́ni tó ń pe táyà ní táyà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é: ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ tó ti jẹ tán. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ní kí Jẹ́jẹ́ wá dán ẹsẹ̀ tuntun wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo ọgbà. Irú èyí tó wà fún òjò, tó wà fún ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀gá rà sí ìdí ọkọ̀ ńlá aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní ilẹ̀ ìbáà yọ̀ bí ilá, kò ní tàsé.

Jẹ́jẹ́ ò sùn mọ́jú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni òun àti bẹ́ẹ̀dì ṣe bá ara wọn jà títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àtijọ́ kan ti bẹ́ lábẹ́ òjò, tí ọkọ̀ dojú dé lé e lórí, kò tíì wakọ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, pé ẹni tí ikú yẹ̀ lórí rẹ̀ kì í padà lọ kí i nílé. Jẹ́jẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń so okùn awọ kan, ó ń tú u, ó tún ń so ó.

Ọ̀gá ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Jẹ́jẹ́, ọkọ̀ yìí nìkan ni ò ní dírẹ́bà. Bí ẹsẹ̀ yìí bá gbà, ìwọ lo máa gbé ẹrù ọ̀la. Bí kò bá gbà, ẹnu géètì lo máa wà."

Ẹnu géètì kẹ̀! Kí ó máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó jẹ́ pé òun ló kọ́ wọn ní ọkọ̀ wíwà, kí wọ́n máa fọn fèrè sí i létí bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Obìnrin kan ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹsẹ̀ wá, òun ni yóò bá a jókòó níwájú ọkọ̀, òun náà ni yóò sọ fún ọ̀gá bóyá ó gbà tàbí kò gbà. Kò tíì dàgbà púpọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ kì í ṣeré. Ọkùnrin tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní ẹsẹ̀ tuntun dà bí ìyàwó tuntun, pé kò tíì mọ ọ̀nà ilé ìdáná, kí wọ́n ṣe sùúrù fún un. Àwọn dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ kọjá láàárín wọn, gbogbo wọn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.

Ó di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó gbé tòsì gòkè, ó wá fa ara yòókù tẹ̀ lé e. Ẹnì kan fẹ́ tì í lẹ́yìn. Ó wò ó, onítọ̀hún sì fọwọ́ sápò.

Wọ́n gba ọ̀nà odò, ibi tí ọ̀dà ti ṣí, tí kòtò pọ̀ ju títì lọ. Jẹ́jẹ́ ń fetí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò kùn bí oyin bíi ti àtijọ́. Nígbà tí wọ́n já kọ́nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ ò jù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà. Ìyẹn ní ẹ ṣé, kò wo ọ̀nà rárá; ilẹ̀ ọkọ̀, lẹ́bàá bíréékì, ló ń wò.

"Ṣé ẹ mọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀?"

"Mo ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ló rí."

"Ó gbóná bí?"

"Kò tó nǹkan."

"Ṣé kò ha ibì kankan?"

"Rárá." Ó tètè sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí omi àwọn afọkọ̀ ti ń ṣàn kọjá títì, oníkẹ̀kẹ́ kan yà síwájú wọn láìwẹ̀yìn. Kí Jẹ́jẹ́ tó mọ̀ pé òun ti tẹ bíréékì, ọkọ̀ ti dúró gbọnyin, kò yọ̀, kò wọ́. Oníkẹ̀kẹ́ náà ṣépè, ó bá tirẹ̀ lọ. Jẹ́jẹ́ gbé orí lé sítíárì. Ayọ̀ bò ó débi pé omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà ní kí ó rọra, kí àwọn padà.

Ọ̀gá ti dúró dè wọ́n. Jẹ́jẹ́ ò jẹ́ kí ó bèèrè tán tó fi ní ẹsẹ̀ náà gbà, pé ọkọ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí igi ìrókò, kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀la.

"Ẹ fún wa láyè díẹ̀, ọ̀gá," obìnrin náà wí. "Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán."

Ó mú Jẹ́jẹ́ wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì ti ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ní kí ni wọ́n tún fẹ́ wò, ṣebí ojú wọn ni ọkọ̀ ṣe dúró. Obìnrin náà fi ìjókòó hàn án.

Jẹ́jẹ́ jókòó, ó ká ṣòkòtò apá ọ̀tún dé orókún, ó tú okùn awọ, ó bọ́ ẹsẹ̀ tuntun náà kúrò lára, ó nà án sí obìnrin tó ṣe é, ó sì yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí wọ́n ti gé tirẹ̀, kí ó má baà rí ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí i.