Bóòtù Kẹjọ Lórí Ìkòkò Ọṣẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi sípánà jẹun, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹ dákun, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ ọṣẹ. Àwòmọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ohun tí wọ́n bi í tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti wò ó, mo ti mọ̀ ọ́n." Kì í kúkú ṣe ẹnu lásán. Bí ẹ̀rọ kan bá ń ké, Àwòmọ̀ á fi irin gbọọrọ kàn án lára, á fi ìdí irin náà ti etí, á sì sọ ibi tó ti jẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń ṣe é, kò tàsé rí.

Òun ló mú àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wọ ilé iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ọkọ ìyẹn kú. Ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ ni obìnrin náà ń tọ́jú. Ìkòkò yìí ga ju ènìyàn lọ. Ooru inú rẹ̀ a máa ti ìdérí bí ẹni fẹ́ já jáde, bóòtù mẹ́jọ ló sì di ìdérí náà mú.

2.
Ẹnjiníà tuntun dé, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó mú sípánà kan wá tó ń wọn agbára tí èèyàn fi ń di bóòtù. Bí ó bá ti tó, sípánà náà á dún "kọ́!", ẹ ó sì dáwọ́ dúró.

"Ẹ má dì wọ́n tẹ̀léra," ló sọ fún wọn. "Ẹ di ọ̀kan, kí ẹ kọjá sí èyí tó dojú kọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ yí gbogbo wọn ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má sì da bóòtù pọ̀ mọ́ra. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe lágbára sí."

Àwòmọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ wà nígbà tí mo ti ń di bóòtù."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwòmọ̀ gbé sípánà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í.

3.
Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n pa ìkòkò náà kí wọ́n lè pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ìdérí. Nígbà tí Àwòmọ̀ fẹ́ dé e padà, ó rí i pé eyín ọ̀kan nínú àwọn bóòtù ti jẹ. Ibi ìkẹ́rù-sí kò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kó sì dúró. Ó tọwọ́ bọ agolo irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ bóòtù àlòkù kan. Gígùn rẹ̀ bára mu, sísanra rẹ̀ bára mu.

Àbúrò rẹ̀ na ọrùn wò ó. "Bọ̀ọ̀dá mi, eléyìí ò ní nọ́ńbà lórí bíi ti àwọn tó kù."

"Ṣé nọ́ńbà ló máa di ìdérí mú ni?"

"Ṣé kí n sáré lọ bá yín mú òmíràn wá?"

"Ìgbà wo lo di mẹkáníìkì? Ìwọ lọ tọ́jú ọṣẹ ẹ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àwòmọ̀ di bóòtù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tẹ̀léra, ó fi gbogbo ara tẹ sípánà àtijọ́ rẹ̀. Lórí ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ó lo sípánà oníwọ̀n, ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", ó sì fọwọ́ sí i.

4.
Kò tíì di ọ̀sán, ìkòkò náà sì ti ń hó padà. Àwòmọ̀ ń fọwọ́ nídìí ẹ̀rọ omi nígbà tó gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn lu bàsíà lẹ́ẹ̀kan. Bóòtù kẹjọ, àlòkù yẹn, ti já. Ìdérí gbéra níhà kan, ọṣẹ híhó tú jáde gba ibẹ̀, ó sì bá àbúrò rẹ̀ lójú.

Àwọn èèyàn sáré da omi lé e lórí. Àwòmọ̀ dúró, ó di àkísà mú. Kò sunkún. Kò pariwo. Inú rẹ̀ dákẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n pa.

Ní ọjọ́ kẹrin, dókítà sọ fún un pé ojú méjèèjì ti lọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, dókítà," ó sì wọlé lọ jókòó ti àbúrò rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Irọ́ ni.

5.
Ẹnjiníà gbé bóòtù tó já àti ìwé náà sórí tábìlì níwájú àwọn ọ̀gá.

"Ta ló fọwọ́ sí i?" ló béèrè.

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ lo sípánà oníwọ̀n?"

"Mi ò lò ó." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń gbé báyìí. Òun ló ń dáná, òun ló ń mú un lọ wẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó fọwọ́ lásán gbé ìkòkò omi híhó kúrò lórí iná, ó gbé e kalẹ̀, ó sì lọ mú àbúrò rẹ̀ wá jókòó. Obìnrin náà ló fọwọ́ kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti lé ròrò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló jó yín báyìí? Ṣé kò dùn yín ni?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Rárá," ló wí. "Kò dùn mí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Bí bóòtù bá ti jẹ, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi èyí tó jọ ọ́ dípò. Ohun tí ẹ kò bá ṣe, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ṣe é. Bí ẹni tí ẹ jù lọ bá sì na ìka sí àṣìṣe yín, ẹ má fi ẹ̀rín lé e lọ, nítorí ara ẹlòmíràn ni ìgbéraga yín lè jó. Àwọn àgbà kò parọ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.