Ife Omi Kan Lẹ́yìn Òjò

Bí òjò tó ń rọ̀ láti òru ṣe dá, Fẹ́yíṣará, ọ̀gá àwọn tó ń la títì, sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò. Òfin ti sọ ọ́ pé, lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá mu ife kan nínú omi tó bá ṣàn wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Awẹ́, tí abúlé yàn ṣe ẹlẹ́rìí, bu omi náà fún un. Ó pọ́n bí osùn.

"Ẹ má bínú, mà. Àpò iyanrìn tí a fi dí àgbàrá ló bẹ́."

"Mo rí i. Mu ún."

Fẹ́yíṣará gbé e mu. Òórùn ọ̀dà gba imú rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹkún ló máa ń sun; báyìí, bí ẹni mu ẹ̀kọ ni. Ìyá Awẹ́ lu òǹtẹ̀ sí ìwé rẹ̀ pé ó ti mu ún.

"Ọmọ-ọmọ mi mu nínú rẹ̀ láàárọ̀," ni ìyá wí. "Ó ṣì ń bì."

Fẹ́yíṣará wá àánú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó na ife náà padà.

"Ẹ tún bù ú, mà."

Ìyá gba ife, ó da ìyókù inú rẹ̀ nù. "Èyí tí o mu kò wo ọmọ mi sàn. Lọ dí àgbàrá yẹn."

Fẹ́yíṣará gun òkè lọ, kò dúró de òṣìṣẹ́ kankan. Ọwọ́ lásán ló fi ń wa iyanrìn. Ọwọ́ náà kò dúró, Fẹ́yíṣará sì ń wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn.