Bíréèkì Tuntun fún Land Rover Bàbá Dùnsìn

Adéòjó mẹkáníìkì ń tú bíréèkì àtijọ́ lára Land Rover kan ní Ìgbògbò. Sípánà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bíréèkì onídíìsì ni mo fẹ́ fi sí i, Ìyá Dùnsìn. Ìyẹn máa ń tètè mú ọkọ̀ dúró."

Ìyá Dùnsìn ń wo ìjókòó awakọ̀. Ọdún méjì rèé tí bíréèkì já, tí wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ náà.

Adéòjó ṣí ike ọ́ìlì bíréèkì tuntun. "Ojúlówó ni. Ẹ wò ó."

Wọ́n jọ gbé ọkọ̀ jáde sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Adéòjó wà á sáré díẹ̀, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró gbọnin.

"Kò séwu mọ́, mà."

Omijé ń dà lójú Ìyá Dùnsìn, kò nù ún.

"Ẹ mọ bíréèkì ṣe nígbà yẹn náà, Ọ̀gá Adéòjó. Lọ́jọ́ tó kú, Bàbá Dùnsìn pè mí lórí GSM kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín. Ó ní omi ọṣẹ lẹ rọ sí i dípò ọ́ìlì. Ó ní ẹ sọ pé yóò gbé òun dé Ẹ̀pẹ́."

Ẹsẹ̀ Adéòjó ṣì wà lórí bíréèkì.

Ọdún méjì gbáko ló fi rò pé òkú nìkan ló mọ̀.