Orúkọ Tó Wà Lára Rọ́bà Ìtọ̀

"Ọ̀bùn! Ẹ̀gbin yín ló pa aláìsàn tó ń jẹ́ Moses lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá! Èkìtì ti di ìpínlẹ̀ tuntun, ẹ̀yin ará oko ò di tuntun!"

Métírọ́ọ̀nù ọsibítù aládàáni kan n'Ìkẹ́rẹ́ ló ń bú Jẹ́jẹ́, àgbẹ̀ láti abúlé Iro, bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀olúwa, ọmọ Jẹ́jẹ́, ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde wà lára rẹ̀. Ibà rẹ̀ ò gbọ́ abẹ́rẹ́.

Adébọ́lá tó ń yẹ ìtọ̀ wò mú èsì wọlé.

"Kòkòrò yìí jogún ọgbọ́n burúkú láti ìran rẹ̀. Ó ń fi nǹkan yíyọ̀ bo ara rẹ̀ nínú rọ́bà ìtọ̀, bí èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú àmù. Oògùn ò lè wọ ibẹ̀."

Métírọ́ọ̀nù yínmú. "Ṣé o gbọ́? Àmù ọ̀bùn!"

Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn: "Kànìnkànìn ni mo fi ń fọ àmù ulé mi. Ìwọ ńkọ́?"

"Rọ́bà tuntun tí o rà ni mo fi sí i! Kí ni púrúǹtù mọ̀?"

Jẹ́jẹ́ ṣí aṣọ ìbora. Ó fọwọ́ lé pílásítà tí wọ́n kọ nǹkan sí lára rọ́bà náà.

"Moses ni mo kà níbí, Métírọ́ọ̀nù. Ọmọ tèmi, Ayọ̀olúwa ló ń jẹ́."