Géèmù Àtijọ́ àti Ẹyin Tòlótòló

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí kí ẹ sì sá lọ. Ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pàápàá tí ọkùnrin kan bá wà nílé yín tó máa ń sọ pé, "Mo kàn fẹ́ yọjú wò ó ni."

1.

Oníná ni ọkùnrin yìí. Òun ló so iná sí ọ̀pọ̀ ilé tó wà ládùúgbò wọn, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó gbéyàwó, géèmù kan wà tó máa ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí èèyàn ti ń di jagunjagun, tí òun àti àwọn tí kò fojú rí rí á jọ máa jagun, tí wọ́n á jọ máa kọ́ ìlú. Ọ̀gágun ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Tó bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á dìde. Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Nígbà tí ọmọ dé, ó pa géèmù tì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ kó ráhùn.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń sin tòlótòló. Bàbá obìnrin náà ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un kó tó kú: dúdú ni wọ́n, wọ́n tóbi, a kì í rí irú wọn lọ́jà. Lọ́dún kan, àrùn wọlé, ó gbá gbogbo wọn lọ. Ẹyin tí wọ́n yé sílẹ̀ nìkan ló kù. Obìnrin náà kó o sínú ẹ̀rọ ìsàba, ìyẹn àpótí oníná tó ń ṣe iṣẹ́ adìẹ tó sàba. Ọkọ rẹ̀ bá a so bátìrì ńlá mọ́ ọn, kí ẹyin má bàa tutù bí iná bá lọ. Ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki nǹkan kan bọ bátìrì yìí o. Fóònù gan-an, mi ò fẹ́!"

2.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú géèmù ló kọ̀wé sí i: "Ọ̀gágun, wọ́n ti tún ìlú wa ṣe o. Ẹ̀yin là ń retí." Ha! Orí Ọ̀gágun wú. Ó padà.

Ẹ̀yin ará, ṣé ó dùn? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: kò dùn. Idà tó ní nínú géèmù, tí wọ́n ń torí ẹ̀ kí i káàkiri nígbà náà, ti di ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń ṣà lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ tó pè é wá gan-an fi í sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀kan tiẹ̀ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà, ẹ ń dí wa lọ́wọ́." Ó ń yán, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó ń wo aago bí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ọ̀gá.

Ó yẹ kó pa á kó dìde. Ìtìjú ò jẹ́. "Èmi Ọ̀gágun! Àwọn ọmọ àná lásán-làsàn! Màá fi hàn wọ́n kí n tó lọ." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

3.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ìyàwó fẹ́ lọ kí i láàárọ̀, kó sì dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Tí èèyàn bá fi etí lé e, á máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nínú èèpo.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jìnnà sí wọn o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni? Èmi tí mo so bátìrì mọ́ ọn?"

"Mo mọ̀. Torí pé àwọn nìkan ló kù fún mi lára ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ṣe ń sọ."

"Máa lọ jàre. Bá mi kí ìyá ìkókó."

Kò pẹ́ tó lọ ni òjò dé, iná lọ. Bátìrì gbà á, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ géèmù ní àwọn ń lọ gba odi kan. Ọ̀gágun wo kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, agbára ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Ó wo bátìrì. Ó ṣírò lọ́kàn bí oníná: "Á gbé méjèèjì. Àwọn tí ò mọ̀ nípa iná ni mo kìlọ̀ fún." Ó ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́, ó jókòó, ó fi ohun ìgbọ́hùn bo etí.

Bátìrì ké nígbà tó fẹ́ kú. Ó ké títí, Ọ̀gágun ò gbọ́. Nígbà tó sì kú, kọ̀ǹpútà ò kú, nítorí ó ti mu iná yó, ó ń lo èyí tó wà nínú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ìsàba ló dákẹ́. Òtútù wọ inú rẹ̀, fáànù rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ ò rí atẹ́gùn mí mọ́.

4.

Ìyàwó dé, ọ̀dọ̀ ẹyin ló kọ́kọ́ yà sí. Àwọn kan ti lu èèpo, ẹnu wọn ti yọ síta, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ó mú ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Kò mira.

Ó wọ pálọ̀, ó rọra yọ ohun ìgbọ́hùn kúrò létí ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò dìde.

"Ṣé ẹ borí?" ni obìnrin náà bi í.

"Rárá."

"Ṣé ó tiẹ̀ dùn?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Kò dùn."

Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó bú sẹ́kún. "Ká ní ó dùn ni, ǹ bá mọ ohun tí ẹ fi tòlótòló bàbá mi pààrọ̀."

Ọkùnrin náà pa géèmù rẹ́, ó kó ẹbí jọ, ó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí obìnrin yìí bá gbé ìkòkò kaná tó sì fẹ́ jáde, aládùúgbò ló ń pè: "Ẹ bá mi wo iná o." Ọkọ rẹ̀ á sì wà ní ìjókòó níbẹ̀, á máa gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Ohun tó dùn lánàá kò di dandan kó dùn lónìí. Bí ẹ bá padà sídìí rẹ̀ tí kò dùn mọ́, ẹ dìde. Ẹ má torí orúkọ àtijọ́ jókòó tì í. Òfin tí ẹ ṣe fún ará ilé, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ́kọ́ pa á mọ́. Odi, wọn ò gbà á. Ẹyin, kò pa. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò pa.