Ẹni Tó Wọ Bàtà Nílé Àdúrà

Sinimá ló mú Báyọ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nínú gbogbo èyí tó wò ní Àkúrẹ́, bákan náà ló ń rí: ọ̀daràn á para dà, á lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, á yí ohùn padà, ṣùgbọ́n á gbàgbé ohun kékeré kan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á wá kó gbogbo ará ilé jọ sínú yàrá, á rojọ́ títí, á sì nawọ́ sí ẹni náà. Ìnawọ́ yẹn ni Báyọ̀ ń dúró dè.

Lọ́dún 1984, wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn èso. Ọ̀gá rẹ̀ ní tí kò bá mú Ọláníran wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó má wulẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Akọ̀wé ọ́fíìsì ni Ọláníran, òun ló kọ ìwé tó bú ìjọba ológun. Wọ́n ní ó ti wọ sùtánà, ó ń gbé láàárín àwọn Aládùúrà ní Ajue. Àwòrán kan ṣoṣo ni Báyọ̀ ní, ó sì ti ṣá: ojú ọkùnrin tí kò nírùngbọ̀n.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló dé ilé àdúrà náà. Ó kó gbogbo wọn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ló so mọ́ ẹni tó bá nawọ́ sí. Ó wo irùngbọ̀n wọn, ó wo ojú wọn, ó wá wo ilẹ̀.

Ọkùnrin kan wọ bàtà.

Aládùúrà wo ni yóò wọ sùtánà tán, tí yóò tún ki ẹsẹ̀ bọ bàtà? Báyọ̀ nawọ́ sí i.

“Ọláníran! Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Báyọ̀ rò pé oko ló ti ń sá pamọ́ sí. Obìnrin kan bú sẹ́kún.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun tẹ̀ lé wọn, ó ń tẹ òkúta wẹ́wẹ́ ojúde náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ ẹ̀gún.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé Òrè. Mo fẹ́ wọkọ̀ Bìní, kí n lọ ròyìn ìtìjú yìí fún àwọn àgbà ìjọ.”

“Ẹ wọlé, bàbá. Ọ̀nà Àkúrẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n màá gbé yín débẹ̀. Ẹ jókòó níwájú.”

Ní oríta Òrè, àwọn sójà ti sọ gbogbo èrò ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sójà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó tẹjú mọ́ bàbá náà.

“Ta nìyí?”

Báyọ̀ yọ káàdì rẹ̀. “Èmi ni mo gbé wọn. Ẹni tí mò ń wá ló wà lẹ́yìn yẹn.”

Sójà náà yẹ̀ lọ́nà. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ó ṣàdúrà fún Báyọ̀, ó sì wọ ọkọ̀ Bìní tó kù díẹ̀ kó gbéra.

Inú Báyọ̀ dùn. Nígbà tí wọ́n kọjá Oǹdó, ó ra búrẹ́dì fún ẹni tó mú. Ọkùnrin náà kò jẹ ẹ́. Ìgbà tí wọ́n ń wọ Àkúrẹ́ ló tó lanu.

“Ọ̀gá, aago mélòó ló lù?”

“Mẹ́fà ti kọjá.”

“Wọ́n á ti dé Bìní,” ló wí, “Pius ni mí, èmi ni olùṣọ́ ìjọ yẹn láti ọdún mọ́kànlá, mo sì wọ bàtà kí ẹ lè rí mi, kí ẹ má baà wo Ọláníran tó jókòó tì yín láti Ajue dé Òrè.”