Ohùn Tó Ń Béèrè Lórí Kòtò

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Ṣówándé mẹkáníìkì wọ inú kòtò lábẹ́ ọkọ̀ asáré Bọ̀sún, oníbàárà rẹ̀. Ó ti gbé tọ́bò tuntun sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí eré rẹ̀ lè le sí i. Páìpù ọ́ìlì ló kù. Ó ti yọ bátìrì ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kíìkì ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Apá rẹ̀ wà láàárín bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, níbi tó ti ń na ọwọ́ sí páìpù náà, nígbà tí ọkọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn jókòó sínú rẹ̀. Kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn ṣí.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n kíìkì ẹ̀?" ni ohùn kan wí láti inú ọkọ̀.

"Bọ̀sún, ìwàǹwára rẹ pọ̀. Ṣé o fẹ́ gé mi lápá ni?"

Fóònù dún lápò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbé e.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Bọ̀sún wí lórí fóònù. "Mo ṣì wà ní Ọ̀rẹ̀. Ó di ọ̀la."

Ṣówándé fa apá rẹ̀. Ó há.

"Ọ̀gá, ṣé kí n kíìkì ẹ̀?"

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kíìkì ọkọ̀ àfi bí ẹni tó wà nínú kòtò bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún fa apá náà. Iná ọkọ̀ tàn sára ògiri níwájú. Bátìrì ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé kí n kíìkì ẹ̀?"

Kò dáhùn. Ohùn tirẹ̀ gan-an ló dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, láti inú òkùnkùn kòtò:

"Kíìkì ẹ̀."